Imú Ọ̀gágun

Rárá. Obìnrin ilé àyẹ̀wò ìbátan yẹn ló ṣìṣe... àbí èmi ni mo ṣì í gbọ́? Wọ́n lè ti fi itọ́ ẹlòmíì pe tiwa. Wọ́n lè... ṣùgbọ́n mo ní kó tún un sọ. Ó sì tún un sọ lórí fóònù, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń tu aláìsàn nínú: "Bàbá yín kò bá Ọ̀gágun tan rárá. Ìyá yín ló bá a tan."

Ìyá mi.

Ìyá mi tó ń sá táwẹ́lì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ Bàbá yìí, tí mo ń wò lójú fèrèsé.

Bàbá ń rẹ́rìn-ín níwájú. Mo ń gbọ́ kilípà rẹ̀. Lọ́la ni wọ́n máa ṣí aṣọ lójú ère Ọ̀gágun, akọni tó lé ọ̀tá kúrò nílùú, Bàbá ni yóò sì gé rìbọ́ọ̀nù bí ọmọ ilé. "Kí àyẹ̀wò ṣáà jẹ́rìí sí i," ni àwọn ará ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wí. Àyẹ̀wò kẹ̀? Bàbá fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ó ní kí n tutọ́ tèmi dípò òun. "Ẹ wo imú," ló máa ń wí fún oníbàárà, á yí orí onítọ̀hún sí àwòrán Ọ̀gágun lára ògiri, tòun ti ọṣẹ lágbọ̀n, "ẹ wá wo tèmi. Ṣé imú méjì nìyẹn?" Ta ló fẹ́ jiyàn nígbà tí abẹ wà lọ́rùn rẹ̀?

Imú! Imú lásán... Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Ọmọ Ọ̀gágun. Kò purọ́ o. Bàbá tirẹ̀ ló sọ fún un, bàbá ìyẹn ló sọ fún ìyẹn. Ó gbà á gbọ́ bó ṣe gbà pé orí wà lọ́rùn òun. Kí ni kí n wá wí fún un báyìí?

Àti Màámi... Ọmọ-ọmọ ọkùnrin kan náà ni wọ́n, obìnrin náà ní, Màámi àti bàbá arúgbó ilé Ọ̀gágun tí wọ́n fi itọ́ rẹ̀ wé tiwa. Á jẹ́ pé Ọ̀gágun ni bàbá ìyá Màámi... Alágbàfọ̀ ló bí ìyá Màámi, òun nìkan ló tọ́ ọ. Ohun tí a mọ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Alágbàfọ̀ nílé ńlá kan. Ilé ta ni? Ta ló béèrè? Àwọn ẹ̀gbọ́n Bàbá lóbìnrin, àǹtí mi gbogbo, wọn kì í jẹ́ kó sinmi: "Àwa mọ orísun wa o. Ìyàwó, ìwọ ńkọ́?" Màámi á ní, "Ẹ ṣeun, mà," á kó àwo wọn nílẹ̀. Ẹ ṣeun, mà! Ọdún ń gorí ọdún.

Kò lè mọ̀. Ta ni yóò mọ irú ìyẹn, tí yóò pa ẹnu mọ́?

Àmọ́, dúró ná. Ọjọ́ tí mo ń há ewì Ọ̀gágun sórí fún ilé ìwé, Màámi ń lọ aṣọ. Kò gbójú sókè. "Èèyàn lè gba ìlú là," ó ní, "kó má gba ẹnì kan là nínú ilé ara rẹ̀." Mo rò pé Bàbá ló ń bá wí. Mo rò pé ìjà tọkọtaya ni!

Ẹnì kan nínú ilé ara rẹ̀. Alágbàfọ̀. Tòun ti oyún... Ta ló lé e jáde? Ṣé ọkùnrin yẹn fúnra rẹ̀... èyí tí wọ́n gbẹ́ lókùúta, tí wọ́n faṣọ bò?

Ọjọ́ tí mo gbé ìgò itọ́ wá ńkọ́? Màámi bi mí pé, "Ṣé tèmi náà wúlò?" Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Wọ́n fẹ́ mọ tiyín kí wọ́n lè yọ ọ́ kúrò lára tèmi ni, Màámi." Ó tutọ́ sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló dé e pa, ó nù ún, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó wá ká ìka mi lé e lórí, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò mọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó mọ̀. Ó mọ̀... ó sì fẹ́ kí n mọ̀.

Bàbá ń pè mí níwájú. Ó fẹ́ gbọ́ bóyá wọ́n ti pè. Màámi ti kọjú sí fèrèsé. Ó rí fóònù lọ́wọ́ mi. Táwẹ́lì ń ro omi sí i lẹ́sẹ̀. Ó kàn dúró, bí ẹni tó ti ń dúró tipẹ́... kì í ṣe de ère o. Kì í ṣe de rìbọ́ọ̀nù. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé la ti ń pe orúkọ Ọ̀gágun nínú ilé yìí, láàárọ̀, lálẹ́, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wa tó bi Màámi rí pé kí ni wọ́n ń pe alágbàfọ̀ yẹn.