Ìfọwọ́sí Kòtò Àgbàrá

Ní òpópónà kan lẹ́yìn èbúté Warri, Ẹgbẹ́ Onílé ní òfin tí wọn kì í yẹ̀. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá gbé àdéhùn iṣẹ́ wá, ẹni tí ó fara mọ́ ọn yóò dìde dúró. Ẹni tí ó kọ̀ ọ́ yóò wà ní ìjókòó. Bí iṣẹ́ náà yóò bá wó ilé ẹnì kan, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ dìde pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àdéhùn ti ṣubú.

Ní ọdún tí owó epo ń sọ ènìyàn di agbaṣẹ́ṣe lójijì, ìjọba fẹ́ gbẹ́ kòtò àgbàrá dé etí odò. Yálà kí ó gba ilé alájà méjì tí Adégbóyè, alága ẹgbẹ́, fi háyà, tàbí kí ó gba ilé Olúgbémi, apẹja ará Ìlàjẹ. Alága, tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé ní àdúgbò Ajamimogha, yan ilé apẹja.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, wọ́n pé sí pálọ̀ Alága, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ sì wà níbẹ̀. Festus, agbaṣẹ́ṣe tí yóò gbẹ́ kòtò náà, mú ọkùnrin méjì wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Ẹni tí ó bá fara mọ́ ọn, kí ó dìde," ni Adégbóyè wí.

Gbogbo wọn dìde. Olúgbémi nìkan ni ó jókòó.

"Bàbá Fọláwẹ̀mí, ẹ má yọ wá lẹ́nu. Ìjọba yóò fún yín ní ilẹ̀ ní Jeddo," ni Alága bẹ Olúgbémi.

"Ṣé inú oko ẹ̀gẹ́ ni kí n máa da àwọ̀n sí, Alága? Ẹ kúkú gbé ilé tiyín lọ sí Jeddo."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Festus kò rẹ́rìn-ín.

"Papa, stand up!"

Ó gbá a lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ ta sára ògiri. Àwọn ọkùnrin méjì náà dì í mú lábíyá, wọ́n gbé e sókè. Olúgbémi ká ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, ó rọ̀ dirodiro láàrin wọn.

"Ó ti dìde!" ni Adégbóyè kígbe. "Akọ̀wé, ẹ kọ ọ́!"

"Oga, im leg no touch ground o," ni akọ̀wé wí, ó ń tọ́ka sí ẹsẹ̀ tí kò kanlẹ̀.

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, Ìyádùnní, ìyàwó Olúgbémi, ń fi ọwọ́ méjèèjì lu pákó. "Bàbá Fọláwẹ̀mí, ẹ dìde! Ẹ fi ilé fún wọn!"

"Ìyádùnní, dákẹ́!"

Festus fa ọ̀pá irin yọ. Ó lu orúnkún kan, ó lu èkejì. Gbogbo pálọ̀ gbọ́ bí egungun ṣe dá.

"Wèrè!" Adégbóyè di orí mú. "Orúnkún kẹ̀! Kí ni yóò fi dúró?"

Wọ́n tún gbé e nàró. Ó wó lulẹ̀ bí aṣọ tútù. Akọ̀wé wo ẹsẹ̀ náà, ó pa àpò rẹ̀ dé láìkọ ohunkóhun, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì lọ. Festus ju irin sílẹ̀, ó sá tẹ̀ lé e, ó ń bẹ̀ ẹ́.

Ìyádùnní já wọlé. Àwọn onílé ṣì wà lórí ìdúró.

"Kí ni ẹ ń wò? Ẹ gbé e!"

Wọ́n gbé e délé, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní. Ó la ojú.

"Ilé ńkọ́?"

"Inú rẹ̀ ni ẹ wà."

Nígbà náà ni Olúgbémi tó figbe ta.