Ìkòkò Kékeré Màámi

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí ti sú mi. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kí inú mi má baà bẹ́.

Lọ́dún 2006, Màámi ṣubú lẹ́yìnkùlé wọn ní Ìfọ̀, mo sì gbé wọn wá sílé wa ní Lotto, ní Mowe. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ wọ́n wò ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé bó bá tún gòkè ju báyìí lọ, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn kan lè rọ lójijì. Kò gbọdọ̀ sí iyọ̀, kò gbọdọ̀ sí mágí.

Mo ra ìkòkò kékeré fún ọbẹ̀ wọn. Tiwa wà nínú ìkòkò ńlá, torí Mobọ́lájí ọkọ mi àti Mọ́láyọ̀ ọmọ wa ò lè jẹ ọbẹ̀ tó tẹ́. Lójoojúmọ́, kí n tó gba ọ̀nà Èkó lọ síbi iṣẹ́, mo ti se tiwọn, mo ti gbé e sí kúlà: tẹ̀tẹ̀, ẹja tútù, àlùbọ́sà, atalẹ̀. Ta ló ń ṣe tó bẹ́ẹ̀ fún ìyá ẹ̀?

Oṣù mẹ́ta kọjá, ẹ̀jẹ̀ ò wálẹ̀. Ó tún lé sí i ni. Nọ́ọ̀sì ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mò ń bu iyọ̀ sí wọn lẹ́nu. Ṣe ni mo kàn ń fi agbọ̀n pọnmi.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè kan, ara mi ò yá, mo tètè darí wálé. Mo bá Màámi lọ́dọ̀ Ìyá Ikram, aládùúgbò wa, tí àwọn méjèèjì jọ ń jẹ ẹ̀bà nínú abọ́ kan. Ọbẹ̀ náà pọ́n yòò, ẹja oníyọ̀ kún inú ẹ̀.

Orí mi gbóná. Mo bi Ìyá Ikram bóyá ó fẹ́ pa ìyá mi ni. Ó bẹ̀ mí, ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, pé Màámi kàn ní ọmọ àwọn ń fi oúnjẹ jẹ àwọn níyà ni.

Oore mi ti wọgbẹ́ nìyẹn. Mo fa Màámi wọlé, mo ka gbogbo ìyà mi sí wọn létí. Mo ní tí wọ́n bá fẹ́ kú, kí wọ́n sọ fún mi kí n mọ̀. Ẹnu èmi yìí ló sọ ọ́. Wọ́n jẹ́ kí n parí. Wọ́n wá ṣí kúlà tí wọn ò fọwọ́ kàn láti àárọ̀, wọ́n bu ọbẹ̀ sí síbí, wọ́n nà án sí mi.

“Jọkẹ́, ṣé o ti jẹ ẹ́ rí?”

Mi ò jẹ ẹ́ rí. Mo fi sẹ́nu, ó dà bí omi ìṣanwọ́. Kò ṣeé gbé mì.

“Gbé e mì. Ẹ̀yin jọ ń jẹun, ẹ̀ ń lá ọwọ́, èmi nìkan lẹ ya ìkòkò mi sọ́tọ̀ bí ìkòkò adẹ́tẹ̀.”

Mo gbé e mì. Ojú tì mí, inú sì ń bí mi sí ara mi.

Nírọ̀lẹ́, ìkòkò kan ṣoṣo ni mo gbé kaná, mi ò sì fi iyọ̀ sí i. Mọ́láyọ̀ tọ́ ọ wò, ó bú sẹ́kún. Mobọ́lájí dìde láti lọ mú mágí, mo ní kó jókòó. Màámi fa abọ́ wọn mọ́ra, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n ní kí n tún bù sí i.