Òkúta Kuramochi

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Kuramochi fi ń wí ohun kan náà: òkúta dúdú tí òun ń fi iná ìléru sè, tí iná mànàmáná kì í gbà kọjá, yóò di irin tó ń jẹ́ kí iná kọjá bí agbára òòfà bá le tó. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìpàdé títí ó fi sú wọn. Ẹyọ òkúta kan péré ló ṣẹ́ kù, kò tó hóró ìrẹsì. Ìléru ti bàjẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n sì ń fẹ̀yìn tì lọ́la, torí òfin kò bìkítà fún ẹni tí iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi Orie ni mo ń fi ẹ̀kán fàdákà olómi tó máa ń gbẹ le lẹ wáyà mọ́ òkúta. Tsuboi, akẹgbẹ́ mi, ló ń yin ẹ̀rọ òòfà. Òrùka bàbà ni ẹ̀rọ náà máa ń fún pọ̀ lójijì, kí òòfà inú rẹ̀ lè le kọjá àlà, ohun gbogbo tó bá sì wà níbẹ̀ á fọ́ yángá. Ẹ̀ẹ̀kan péré la lè bi òkúta kan léèrè.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo rí i pé ẹ̀kán fàdákà kan ti sán.

"Ìyá Fàdákà!" Tsuboi pariwo. "Ṣé aṣọ lẹ ń hun ni? Òkúta yẹn á fẹ̀yìn tì ṣáájú Ọ̀gá o!"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ jàre." Mo yíjú sí Ọ̀jọ̀gbọ́n. "Ọ̀gá, fàdákà yìí sán díẹ̀. Ṣé kí n tún un lẹ̀?"

Òkúta rẹ̀ ló ń wò. "Kò séwu," ó ní.

Níbí ní Japan, "kò séwu" lè jẹ́ "ṣe é," ó sì lè jẹ́ "fi í sílẹ̀." Ẹni tó gbọ́ ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, a kì í sì í bi àgbà lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi í sílẹ̀.

A ti ilẹ̀kùn irin. Tsuboi tẹ bọ́tìnnì, ilẹ̀ mì tìtì. Kí ojú tó ṣẹ́, ó ti parí. Ẹ̀rọ wá ya ìlà tó ń fi hàn bí òkúta ṣe dínà iná. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń fi ìka tọ̀ ọ́. Ìlà náà dúró lókè gbọingbọin bí òòfà ti ń le sí i, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Ó ń sọ̀kalẹ̀! Lẹ́yìn náà, kò sí ìlà mọ́. Wáyà ti já.

"Ó ti ń di irin, Ọ̀gá," Tsuboi sọ jẹ́jẹ́.

"Tàbí fàdákà ló ń ṣí, tí ẹ̀rọ ò sì gbọ́ òkúta mọ́. Ta ló máa gbà wá gbọ́?" Ọ̀jọ̀gbọ́n yíjú sí mi. "Orie, o tún un lẹ̀, àbí?"

"Ẹ ní kò séwu, Ọ̀gá."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kò séwu, ìyẹn ni pé kó o tún un lẹ̀."

Mo mú ìgbálẹ̀, mo gbá gbogbo yàrá ẹ̀rọ náà, mo ń wá òkúta náà láàárín èérún bàbà. Mo mọ̀ pé mi ò ní rí i. Omijé ò jẹ́ kí n ríran dáadáa.

Ọ̀jọ̀gbọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ó ti wọ kóòtù rẹ̀. Ó tẹríba fún mi, èmi tó yẹ kí n kúnlẹ̀.

"Ẹ dárí jì mí, Ọ̀gá."

"Kò séwu," ó ní.

Mi ò bi í lẹ́ẹ̀mejì.