Òórùn Inú Ife Kẹta

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, ọ̀gá ilé-ìwé gbé àga wọ kíláàsì àwọn ọmọ kékeré, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ní òun fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn láti fi ojú, etí, imú, ahọ́n àti ọwọ́ ṣèwádìí.

Àyà tíṣà já. Láti ìgbà tí ọ̀fìnkìn líle kan ti dá a dùbúlẹ̀, imú rẹ̀ kò gbọ́ òórùn kankan mọ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí etí ń dà láàmú ti sọ tirẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Yàrá tí wọ́n ń kó àga àti tábìlì tó ti bàjẹ́ sí ni wọ́n ní kó lọ máa ṣọ́, kò sì padà sí kíláàsì.

Ife mẹ́rin wà lórí tábìlì, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹnu wọn: èèpo ọsàn, ọṣẹ, wàrà, atalẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ àná ló ti bù wọ́n kalẹ̀ nínú ilé ìdáná rẹ̀ tó móoru, kí iṣẹ́ má bàa ká a mọ́ láàárọ̀.

"Kí lẹ máa sọ?" ó bi wọ́n.

"Ohun tí imú wa gbọ́!"

"Ohun tí ọ̀rẹ́ yín bá sọ ńkọ́?"

"Rárá, Àǹtí!"

Ife méjì àkọ́kọ́ lọ geere. Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Ẹnu-Kì-í-Sinmi gbé imú sí i, ó sì fò sẹ́yìn.

"Yéè! Àǹtí, ó ń rùn!"

"Bí ìbọ̀sẹ̀ bàbá ẹ!" ni ẹni tó jókòó tì í sọ.

"Bàbá tìẹ ni, elẹ́sẹ̀ rírùn!"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà gbé ife náà sí imú ara rẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan, àfi bí ẹni ń fimú fa omi. Wàrà ló mọ̀ pé òun bù síbẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí i pé ọ̀gá ti dá bírò dúró lórí ìwé.

"Kò rùn," ó sọ. "Ó ń ta sánsán ni. Ẹ tún un gbọ́ dáadáa."

"Àǹtí, ó ń rùn o."

"Ṣé imú tìẹ nìkan ló gbọ́n ni? Ẹlòmíì!"

Ọmọkùnrin kan bọ́ síwájú. Ó fimú kan aṣọ, ojú rẹ̀ fún pọ̀, ó wo tíṣà, ó ní, "Ó ń ta sánsán." Ẹni tó tẹ̀ lé e sọ bẹ́ẹ̀, òmíràn náà sọ bẹ́ẹ̀, bí ẹni ń ṣe àmín. Nígbà tó padà kan Ẹnu-Kì-í-Sinmi, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ó ń ta sánsán, Àǹtí."

Tíṣà ká aṣọ kúrò kí ó lè fi ohun tó wà nínú rẹ̀ hàn wọ́n. Wàrà ti kan. Ó ti dì kókó kókó, omi sì dá dúró lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀: ọmọ yìí ló gbà á, èmi ni mo ṣì í. Ó wo ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó da aṣọ bo ife padà.

"Wàrà ni," ó wí. "Ẹ káre."

Ọ̀gá dìde. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. Àwọn ọmọ yín gbọ́ràn."

Wọn kò mú tíṣà kúrò ní kíláàsì.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé òkúta méjì kalẹ̀, ó bi wọ́n èwo ló tutù jù. Ẹnì kankan kò fọwọ́ kàn wọ́n. Ojú tíṣà ni gbogbo wọn ń wò. Ẹnu-Kì-í-Sinmi kò tún sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ rí tàbí gbọ́ mọ́ ní kíláàsì yẹn.