Ohun Tó Kéré Nínú Ẹ̀jẹ̀ Mùínátù

Èmi Kọ́lájọ, olùkọ́ ilé ìwé abúlé wa létí òkun, ni mo ka lẹ́tà náà. Ẹnikẹ́ni ò fipá mú mi.

Ọdún 1957 ni. Mùínátù, ìyàwó Gàfárù apẹja, ti ń ṣàìsàn bí ọdún kan. Tẹ́lẹ̀, á ti yan ẹja agbọ̀n mẹ́ta kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó yan ọ̀kan. Ó wá di ẹni tó ń jókòó sídìí iná lọ́sàn-án gangan, tó ró aṣọ mẹ́ta, tó ń sọ pé òtútù ń mú òun. Ojú rẹ̀ wú. Ohùn rẹ̀ ki bí ohùn ọkùnrin. Irun rẹ̀ ń já sínú ìyarun. Bó o bá bi í ní nǹkan, o lè wọ ọkọ̀ rẹ kó tó dáhùn.

Bàdírátù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣòwò ní Molutehin, ló mú un lọ sí ilé ìwòsàn kan lókè ilẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní ìlú òyìnbó làwọn máa fi ránṣẹ́ sí.

Oṣù mẹ́rin kọjá kí èsì tó dé. Gàfárù mú un wá bá mi lórí afárá pákó níwájú ilé ìwé, Mùínátù ń bọ̀ lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Àwọn èèyàn dúró wò. Mo tú ìwé náà. Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí mo fi ń kọ́ ọmọdé. Ọ̀rọ̀ gígùn kan wà níbẹ̀ tí mi ò rí rí, lẹ́yìn rẹ̀ ni mo rí èyí tó yé mi: pé ó kéré púpọ̀. Dókítà tún fi ọwọ́ kọ ìlà méjì sísàlẹ̀, wúruwùru. Mi ò lè kà á.

“Olùkọ́, kí ni wọ́n wí?” Gàfárù bi mí.

“Wọ́n ní ó kéré púpọ̀.”

“Àìsàn náà ló kéré?”

Gbogbo ojú wà lára mi. “Bẹ́ẹ̀ ni,” mo dáhùn.

Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. “Ṣé o gbọ́? Ọ̀lẹ ló ń ṣe ọ́.”

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó káàánú rẹ̀ mọ́. Gàfárù fẹ́ Láídì lé e. Lọ́jọ́ tí Mùínátù sùn lọ tí ẹja jóná, ọkọ rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó sì gba Àrìnpé, ọmọ wọn ọlọ́dún mẹ́ta, lọ́wọ́ rẹ̀. Mùínátù mú lẹ́tà náà, ó lọ ń gbé lọ́dọ̀ Bàdírátù.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìgbà tí mo ka lẹ́tà náà ni nọ́ọ̀sì kan, Rhoda, wá sí Molutehin. Ó wo ojú Mùínátù, ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó béèrè bóyá wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí, wọ́n sì mú lẹ́tà náà fún un.

“Ta ló ní àìsàn ló kéré?” ló wí. “Ohun tí ẹ̀yà ara kan lọ́rùn rẹ̀ ń ṣe sínú ẹ̀jẹ̀, tó ń mú ara gbóná, tó ń mú èèyàn yára, òun ló kéré. Dókítà kọ ọ́ síhìn-ín pé kó tètè padà wá gba oògùn!”

Wọ́n fún un ní oògùn oníhóró, díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n wá ń fi kún un. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ dá a dúró láyé rẹ̀. Nígbà tó fi di oṣù kẹrin, wíwú ojú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ohùn rẹ̀ ti là.

Ó wá sí abúlé wa. Àrìnpé rí i, ó sá sẹ́yìn Láídì, Láídì ló ń pè ní ìyá. Gàfárù ní ọmọ kì í kúrò nílé baba rẹ̀. Ibẹ̀ ni Mùínátù ti wá bá mi.

“Olùkọ́, ṣé ẹ mọ̀ nígbà náà pé lẹ́tà yẹn ò yé yín?”

“Mo mọ̀.”

“Kí ló dé tẹ́ ò sọ?”

“Ojú ló tì mí. Àwọn èèyàn ń wò mí.”

“Wọ́n wo èmi náà,” ó ní. “Ọdún méjì ni wọ́n fi wò mí.”

Mo lọ bá Gàfárù, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe, kò gbójú sókè. “Láídì ti lóyún,” ó ní. “Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe?”

Molutehin ni Mùínátù ń gbé báyìí, ó ń ta kẹrosín-ìnì. Mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Á wọ̀n ọ́n pé fún mi, á sì yíjú sí ẹni tó kàn.