Okùn Kẹrin

"Ta ló so igi ìdábùú ẹ̀yìn?"

Màmá Upokoina ló bi wá, lábẹ́ àtíbàbà tí a ti kan ọkọ̀. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀: Pàápà Tereapii, bàbá àgbà mi, tó kan ọkọ̀ náà, Tuki, ìbátan mi, tó bá Rongo wọ ọkọ̀ náà lọ, tó sì wẹ omi padà sí èbúté, àti èmi. Rongo, ọmọ rẹ̀ gan-an, ló so ó, òkun sì ti gbé Rongo lọ. Ẹnu ta ni yóò gbà á láti sọ ìyẹn fún ìyá?

Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì lọ.

Ọkọ̀ náà dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn láìní apá, ìyẹn igi gígùn tó máa ń léfòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó má baà dojú dé. Igi ìdábùú méjì ló ń so apá náà mọ́ ọkọ̀. A kì í kan ìṣó mọ́ wọn. Okùn àgbọn mẹ́rin la fi ń dì wọ́n, nítorí pé bí omi òkun bá ṣe ń rin ín ló ń fún sí i. Igi ṣẹ́, àmọ́ okùn mẹ́ta ṣì dì mọ́ ọn gbọnin. Ní ibi ìkẹrin, lẹ́yìn, okùn ọ̀rá tí a fi ń pẹja la bá. Ọ̀rá ń yọ̀ nínú omi. Ó yọ̀ níbi tí ìgbì ti ń fọ́ lórí àpáta, ọkọ̀ sì bo Rongo mọ́lẹ̀. Ibà ti dá Pàápà wó láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò rí bí wọ́n ṣe so ó.

Láti ìgbà tí wọ́n bí bàbá mi, ẹnikẹ́ni kò kan irú ọkọ̀ yìí mọ́ ní erékùṣù wa, àfi èyí. Pàápà nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà ti pinnu pé lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, àwọn yóò dáná sun ọkọ̀ náà, Pàápà kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan àáké mọ́. Wọ́n ní arúgbó ti ka okùn sí mẹ́rin nígbà tó hun mẹ́ta, òun ló jẹ́ kí Rongo wá ọ̀rá kún un.

"Mẹ́rin ni mo hun," Pàápà wí.

"Pàápà, ẹ ti dàgbà," ni Tuki dá a lóhùn. "Àná lẹ wá gíláàsì ojú yín títí, orí imú yín ló wà."

"Orí imú mi ló wà, kò sọnù. Okùn yẹn náà ò sọnù." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ ọ̀mọ̀wé Suva, ṣé wọn ò kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń wá nǹkan ní yunifásítì ni?"

Mo wá a. Okùn Pàápà kò ṣòro dá mọ̀: ó máa ń hun fọ́nrán dúdú kan mọ́ ọn, èyí tó ti rì sínú ẹrẹ̀ oko kókò. Mo tú àtíbàbà, mo wo ọgbà ẹlẹ́dẹ̀, mo tú àpótí ìpẹja Rongo. Bí mo bá rí i, kò sẹ́ni tí yóò sun ọkọ̀ mọ́.

Lọ́sàn-án Sátidé, mo gbé ẹja àti bẹrẹfúùtù lọ fún Màmá Upokoina. Òjò ti ṣú.

"Maara, má dúró bí òpó. Bá mi kó aṣọ wọlé."

Àwọn ṣẹ́ẹ̀tì Rongo ló sá.

"Mo tún wọn fọ̀," ó ní. "Má bi mí léèrè."

Mo gbé ṣẹ́ẹ̀tì búlúù kan. Lábẹ́ rẹ̀, fọ́nrán dúdú kan gba àárín okùn ìsáṣọ náà kọjá, láti igi àgbọn dé òpó ilé. Ojoojúmọ́ ni mo ń tẹrí kọjá lábẹ́ rẹ̀.

"Ó lágbára, àbí?" Màmá wí. "Rongo ló bá mi so ó láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n lọ. Tèmi já, búláńkẹ́ẹ̀tì bọ́ sínú ẹrẹ̀. Mo bú u pé ọkọ̀ nìkan ló mọ̀, kò mọ ilé ìyá ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sáré lọ mú okùn yìí wá. Ó ní, 'Màmá, èyí ò ní já láyé.'"

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di okùn náà mú, ó fà á. Kò mì.