Òṣùmàrè Ara Àbẹ́là

Èkùrọ́ ni mo ń pa lẹ́yìnkùlé wa ní Lálúpọn tí èèpo kan fi ta bà mí lójú òsì. Yéè! Òkúta bọ́ lọ́wọ́ mi, mo fọwọ́ bojú, mo ké títí ọkọ mi, Bàbá Ṣìkẹ́mi, fi sáré dé. Ẹ̀jẹ̀ dúró sínú ojú náà. Nígbà tó yá ó pòórá, a ní ó ti tán, a dúpẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, a wà ní ìsìn nínú aṣọ funfun wa. Wòlíì Ọládòṣù tan àbẹ́là níwájú pẹpẹ, ni mo bá rí òṣùmàrè tó yí iná náà ká. Mo lọgun. Wòlíì lu agogo.

"Ìran ni! Ọlọ́run ti ṣí ojú yín, Ìyá Ṣìkẹ́mi, bó ṣe ṣí tèmi gan-an!"

Àwọn obìnrin tí kì í kí mi tẹ́lẹ̀ wá ń kúnlẹ̀, kí n bá àwọn wo ọ̀rọ̀ ọmọ àwọn. Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi.

Àmọ́ orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi lápá òsì yẹn, ó fọ́ mi títí mo fi ń bì. Wọ́n ní agbára Ẹ̀mí ló wúwo, kí n gbààwẹ̀. Mo gbà á.

Lọ́jọ́ kan, mo tan àtùpà láti yan gàrí. Òṣùmàrè yẹn náà ló tún yí i ká! Èwo ni ti ìran nídìí agbada gàrí? Mo bo ojú òsì, kò sí òṣùmàrè. Mo bo ojú ọ̀tún, ó tún dé, gbogbo ẹ̀gbẹ́ sì ṣú, ọ̀ọ́kán iwájú mi nìkan ni mo ń rí.

"Màmá," ni Ṣìkẹ́mi ọmọ mi wí. Ẹ̀gbẹ́ mi níbẹ̀ ló dúró sí, mi ò rí i. Àyà mi já.

Mo sáré lọ bá Wòlíì, mo ní mo fẹ́ lọ rí dókítà. Wọ́n gbójú sókè.

"Ojú tí Ọlọ́run ṣí, ẹ fẹ́ kí dókítà wá dí i?"

Ẹ̀rù mi wá di méjì. Bí mo bá lọ, ṣé mi ò ní ba iṣẹ́ Ọlọ́run jẹ́? Bí mi ò bá lọ, ṣé mi ò ní fọ́jú? Mo sunkún bí ọmọdé. Ọkọ mi ò bá mi jiyàn, wọ́n kàn fà mí wọ mọ́tò Ìbàdàn.

Dókítà ojú yẹ̀ mí wò. "Màmá, ṣé ẹ máa ń rí òṣùmàrè lára iná?"

"Ta ló sọ fún yín?"

"Àìsàn yìí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọgbẹ́ èèpo èkùrọ́ tí ẹ sọ yẹn dí ọ̀nà tí omi inú ojú ń gbà jáde. Omi náà kún, ó ń fún iṣan tí ẹ fi ń ríran pa. Èyí tó ti lọ ò lè padà mọ́. Oògùn la ó fi dáàbò bo ìyókù."

Mo bú sẹ́kún níbẹ̀.

Nígbà tí mo padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, Wòlíì tan àbẹ́là. Gbogbo ìjọ yíjú sí mi.

"Kí lẹ rí?"

"Àbẹ́là ni mo rí. Òṣùmàrè yẹn, àìsàn ni. Oògùn ti lé e lọ."

Ìjọ ń kùn. Kí wọ́n máa kùn, ṣé àwọn ló ni ojú?

Nígbà tí wọ́n túká, Wòlíì ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, wọ́n fẹsẹ̀ kọ bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn gan-an. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ wọn tutù.

"Ìyá Ṣìkẹ́mi, ojú mi méjèèjì ló ń rí òṣùmàrè yẹn. Ó ti pẹ́. Ṣé dókítà yẹn ní èyí tó ti lọ ò lè padà?"

Mo ní kí wọ́n múra, mọ́tò àkọ́kọ́ la máa wọ̀ lọ́la.